Kí Ilé Ìkàwé Máa Tọ Akẹ́kọ̀ọ́ Lọ

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ìlú sọ ní ìpàdé ọdọọdún ẹ̀ka Ẹgbẹ́ Ìlọsíwájú Ìlú wa ní Lẹ́kkí Phase 1, ní Èkó

  

Ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ ẹgbẹ́ wa ni ó ní kí a wá sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tí ó kan àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń gba ẹ̀kọ́ gíga láì fi ibi iṣẹ́ wọn sílẹ̀, èyíinì ni àwọn tí wọ́n ń fi tẹlifóònù àti kọ̀ǹpútà gba ẹ̀kọ́ yunifásítì lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí orúkọ wọn bá jáde, a máa ń pàtẹ́wọ́ fún wọn. Àwọn mìíràn nínú wọn wà tí a ń ràn lọ́wọ́ láti inú àpò ẹ̀kọ́ ẹgbẹ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí a kì í sábà bi wọ́n: níbo ni wọ́n ti ń rí ìwé kà? Ìbéèrè yìí ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí. Ohun tí a sì fẹ́ kí ó yé gbogbo wa ni pé ilé ẹ̀kọ́ tí ó bá gba akẹ́kọ̀ọ́ láti òkèèrè ti jẹ akẹ́kọ̀ọ́ náà ní gbèsè ilé ìkàwé tí yóò bá a ní òkèèrè, àti pé àwa ọmọ ìlú ní ipa tiwa nínú bí a óò ṣe rí i pé wọ́n san gbèsè náà.

ẸKỌ́ LÁTI ÒKÈÈRÈ KÌ Í ṢE OHUN TUNTUN

Ẹni tí ó bá ń gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn ọmọ òde òní lè rò pé àná ni a bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ènìyàn ní ẹ̀kọ́ láti ọ̀nà jíjìn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 1858 ni Yunifásítì London ti fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tí kò gbé ní London láti ṣe ìdánwò oyè rẹ̀. Ní ọdún 1894 ni a dá Wolsey Hall sílẹ̀ ní Oxford, ilé ẹ̀kọ́ tí ó ń fi ẹ̀kọ́ ránṣẹ́ nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́. Kí a tó dá University College ti Ìbàdàn sílẹ̀ ní ọdún 1948, irú ọ̀nà yìí ni àwọn olùkọ́ àti akọ̀wé kan ní ilẹ̀ wa gbà di ẹni ńlá. Wọ́n ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án, wọ́n ń tan àtùpà kàwé lóru. Nínú wọn ni Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wà, ẹni tí ó gba oyè B.Com. ti Yunifásítì London ní ọdún 1944 kí ó tó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ kọ́ ẹ̀kọ́ òfin.

Ní ayé ìgbà náà pẹ̀lú, ìwé ni ó ṣòro láti rí. Ilé ìkàwé kan wà ní Èkó tí a fi owó Carnegie ti Amẹ́ríkà ràn lọ́wọ́ ní ọdún 1932, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń san owó ẹgbẹ́ nìkan ni ó lè yá ìwé níbẹ̀. Ẹni tí ó wà ní ìlú kékeré, bí kò bá rí àlùfáà tàbí olùkọ́ àgbà tí yóò yá a ní ìwé, ó di kí ó kọ̀wé sí ilé ìtàwé, kí ó sì máa retí ọkọ̀ ojú omi. Àwọn tí wọ́n la ọ̀nà náà já ni ìtàn ń dárúkọ. Àwọn tí àìrí ìwé dá padà lójú ọ̀nà, kò sí ẹni tí ó ka iye wọn.

Ilẹ̀ wa náà kò jókòó lásán. Ní ọdún 1974 ni Yunifásítì Èkó dá ẹ̀ka ẹ̀kọ́ àfìwéránṣẹ́ sílẹ̀, èyí tí a mọ̀ lónìí sí Distance Learning Institute. Ní ọdún 1976 ni ìjọba àpapọ̀ dá National Teachers' Institute sílẹ̀ ní Kàdúná, kí olùkọ́ lè máa gba ìwé ẹ̀rí láì fi kíláàsì rẹ̀ sílẹ̀. Púpọ̀ nínú àwa tí a jáde ní ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́ni ni ó bá ọ̀nà yẹn gòkè. Yunifásítì Ìbàdàn ní ẹ̀ka tirẹ̀, Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sì fi tirẹ̀ sí Mọ́rò. Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ni National Open University, tí a ń pè ní NOUN. Ọdún 1983 ni a ṣe òfin tí ó dá a sílẹ̀, ní ayé Ààrẹ Shehu Shagari. Ní ọdún 1984 ìjọba ológun dá a dúró, ó sì sùn títí ìjọba Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ fi jí i ní ọdún 2001. Olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ wà ní Ahmadu Bello Way ní Victoria Island, kò jìnnà sí ibi tí a jókòó sí yìí, kí ó tó kó lọ sí Àbújá. Olóyè Ọbásanjọ́ fúnra rẹ̀ forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ lẹ́yìn tí ó kúrò lórí àlééfà, ó sì gba oyè Ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀kọ́ ìsìn Kírísítì ní ọdún 2018, nígbà tí ó ti pé ẹni 80 ọdún. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fojú kékeré wo irú ẹ̀kọ́ yìí mọ́, kí a má sì ṣe máa pè é ní ẹ̀kọ́ àbọ̀.

ẸNI TÍ Ó Ń KÀWÉ NÍ LẸ́KKÍ

Ẹ jẹ́ kí a wo àdúgbò wa níhìn-ín. Ẹni tí kò bá mọ Lẹ́kkí Phase 1 dáadáa yóò rò pé olówó nìkan ni ó ń bẹ níbẹ̀. Lóòótọ́, ilé ńlá pọ̀, ilé ìfowópamọ́ àti ilé oúnjẹ tò lọ ní Admiralty Way, afárá tí a ṣí ní ọdún 2013 sì so wá pọ̀ mọ́ Ìkòyí. Ṣùgbọ́n ta ni ó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà àwọn ilé ńlá wọ̀nyí? Ta ni ó ń se oúnjẹ inú wọn, ta ni ó ń wa ọkọ̀, ta ni ó ń tọ́ ọmọ, ta ni ó ń dá oníbàárà lóhùn ní ilé ìtajà? Ọmọ wa wà nínú wọn. Àwọn kan ń gbé yàrá ẹ̀yìnkùlé ọ̀gá wọn. Àwọn mìíràn ń ti Ajah àti Jákàńdè wá lójoojúmọ́. Wọ́n á jí kí àkùkọ tó kọ, àwọn ọmọ wọn á sì ti sùn kí wọ́n tó padà délé. Nínú irú àwọn ènìyàn báyìí ni a ti rí àwọn tí ó ń kàwé fún oyè. Inú ọkọ̀ dáńfó ni wọ́n ti ń gbọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́, nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ. Ìgbà tí gbogbo ilé bá sùn tán ni wọ́n ń kọ iṣẹ́ tí olùkọ́ fún wọn.

A mọ ọ̀dọ́bìnrin kan nínú ẹgbẹ́ yìí tí ó ń dáná ní ilé kan ní àdúgbò wa. Ó ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ìlera àwùjọ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan tí a kì yóò dárúkọ. Olùkọ́ rẹ̀ ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ iṣẹ́ lórí àìsàn ibà, kí wọ́n sì fi ìwé ìwádìí márùn-ún, ó kéré tán, ti ọ̀rọ̀ wọn lẹ́yìn. Ọmọ náà lọ sí ojú ewé ilé ìkàwé ilé ẹ̀kọ́ náà lórí tẹlifóònù rẹ̀, ojú ewé náà sì bi í ní ọ̀rọ̀ ìwọlé, èyíinì ni ọ̀rọ̀ àṣírí tí a fi ń ṣí ilẹ̀kùn. Láti ọjọ́ tí ó ti wọlé, kò sí ẹni tí ó fún un ní ọ̀rọ̀ ìwọlé kankan. Ó kọ̀wé sí wọn, kò rí èsì. Ó tẹ̀ wọ́n láago, wọ́n ní kí ó wá fúnra rẹ̀ ní ọjọ́ iṣẹ́, kí ó mú fọ́tò méjì àti ìwé ẹ̀rí owó tí ó san lọ́wọ́, kí wọ́n tó lè kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ilé ìkàwé. Ìrìn odidi ọjọ́ kan ni láti Lẹ́kkí dé ibẹ̀, ọjọ́ iṣẹ́ sì ni ọjọ́ tí ọ̀gá rẹ̀ kò lè yọ̀ǹda rẹ̀. Ó fi ohun tí ó ṣà jọ kiri íntánẹ́ẹ̀tì kọ iṣẹ́ náà. Nígbà tí èsì dé, máàkì tí ó gbà kéré, olùkọ́ sì kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ pé kò kàwé tó.

Ẹ̀yin ará, ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò. Ilé ẹ̀kọ́ tí ó gba owó rẹ̀ láti òkèèrè, tí ó fi ìwé ìgbaniwọlé ránṣẹ́ sí i láti òkèèrè, tí ó sì ń kọ́ ọ láti òkèèrè, òun kan náà ni ó ní kí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá gba kọ́kọ́rọ́ ilé ìkàwé. Ọmọ náà kò ya ọ̀lẹ. Ilẹ̀kùn ni kò ṣí fún un.

IṢẸ́ TÍ ILÉ ÌKÀWÉ YẸ KÍ Ó ṢE

Àwọn kan lè ní, "Ṣebí ilé ẹ̀kọ́ ń fún wọn ní ìwé ẹ̀kọ́?" Òótọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí a yin ẹni tí ìyìn tọ́ sí: NOUN kó àwọn ìwé ẹ̀kọ́ rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹnikẹ́ni láti kà lọ́fẹ̀ẹ́, àní ẹni tí kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ pàápàá. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo dàbí ọbẹ̀ tí a ti bù sínú àwo fún ni. Ilé ìkàwé ni ọjà tí a ti ń ra èlò ọbẹ̀. Ẹni tí a kò jẹ́ kí ó dé ọjà rí, báwo ni yóò ṣe mọ ọbẹ̀ sè? Ẹ̀kọ́ yunifásítì kì í ṣe kí a há ohun tí olùkọ́ wí sórí nìkan. Ó jẹ́ kí a mọ ibi tí a ti lè wá òtítọ́, kí a sì mọ bí a ti ń fi ọ̀rọ̀ ẹnì kan wé ti ẹlòmíràn.

Lójú tiwa, ohun márùn-ún ni ilé ìkàwé jẹ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wà ní òkèèrè.

Èkínní ni kọ́kọ́rọ́. Ó yẹ kí a mọ bí nǹkan yìí ṣe rí. Àwọn ìwé ìwádìí tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń kọ, owó ni yunifásítì ń san lọ́dọọdún fún àwọn tí ó ń tẹ̀ wọ́n jáde kí ó tó lè ṣí wọn fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Àwọn olùtẹ̀wé náà a sì máa fi nọ́ḿbà dá àwọn ẹ̀rọ tí ó wà nínú ọgbà yunifásítì mọ̀. Ẹni tí ó bá jókòó nínú ọgbà, ilẹ̀kùn á ṣí fún un láìbéèrè. Ẹni tí ó bá wà ní Lẹ́kkí, àjèjì ni wọ́n yóò pè é, àfi bí ilé ìkàwé bá fi ẹnu ọ̀nà kan sí àárín tí yóò máa jẹ́rìí pé, "Ọmọ wa ni ẹni yìí, ẹ jẹ́ kí ó wọlé." Ẹnu ọ̀nà yìí wà ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́. Ohun tí ó kù ni kí ọ̀rọ̀ ìwọlé bá nọ́ḿbà akẹ́kọ̀ọ́ dé ọwọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ kan náà, láìsí pé ó ń rin ìrìn-àjò.

Èkejì ni ènìyàn. Kí olùtọ́jú ilé ìkàwé kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òkèèrè, tí a mọ orúkọ rẹ̀ àti nọ́ḿbà tẹlifóònù iṣẹ́ rẹ̀, tí a sì lè bá sọ̀rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ àti ní ọjọ́ Sátidé. Ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ títí di agogo mẹ́fà kò lè jàǹfààní ilé iṣẹ́ tí ó ń ti ilẹ̀kùn ní agogo mẹ́rin.

Ẹ̀kẹta ni fífi ìwé ránṣẹ́. Ìwé tí ó wà lórí pẹpẹ ní ọgbà yunifásítì nìkan, tí kò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ lè bẹ̀bẹ̀ fún orí kan nínú rẹ̀, kí a ya àwòrán ojú ewé náà, kí a sì fi ránṣẹ́ sí i. Òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ti Nàìjíríà ti ọdún 2022 fi àyè pàtàkì sílẹ̀ fún ilé ìkàwé; nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi òfin bojú láti kọ̀ fún ọmọ ẹlẹ́kọ̀ọ́ pátápátá.

Ẹ̀kẹrin ni ẹ̀kọ́ bí a ti ń wá ìwé. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa jáde ní ilé ẹ̀kọ́ girama tí kò ní ilé ìkàwé rárá. Bí a bá gbé ẹgbẹ̀rún ìwé síwájú wọn, wọn kò mọ èyí tí wọn yóò mú. Kí a kọ́ wọn ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí a tún wọn kọ́ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ kọ iṣẹ́ àṣekágbá.

Ẹ̀karùn-ún ni àdéhùn láàrin ilé ìkàwé kan àti òmíràn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ wà ní Ìbàdàn tàbí Mọ́rò, tí òun fúnra rẹ̀ sì wà ní Èkó, kí ni ó ní kí ó má lè fi káàdì rẹ̀ wọ ilé ìkàwé yunifásítì tí ó súnmọ́ ọn, kí ó jókòó kàwé, kí ó sì padà sí ẹnu iṣẹ́ rẹ̀?

Ẹnikẹ́ni kò lè sọ pé àlá ni a ń lá. Ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 1967 ni ẹgbẹ́ àwọn olùtọ́jú ilé ìkàwé ilé ẹ̀kọ́ gíga ti kọ ìlànà sílẹ̀ nípa bí a ó ti máa ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́ tí kò sí nínú ọgbà. Wọ́n ti tún un kọ lọ́pọ̀ ìgbà, kókó rẹ̀ sì ni pé ẹ̀tọ́ tí ẹni inú ọgbà ní sí ilé ìkàwé ni ẹni òkèèrè ní. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Open University tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1969, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ní ọdún 1971, wọ inú àdéhùn kan tí a ń pè ní SCONUL Access, tí ó fi jẹ́ pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lè wọ ilé ìkàwé àwọn yunifásítì mìíràn tí ó wà nítòsí ilé wọn. Ní Áfíríkà wa níhìn-ín, Yunifásítì South Africa ti ń fi ìwé kọ́ ènìyàn láti òkèèrè láti ọdún 1946, ilé ìkàwé rẹ̀ sì di ọ̀kan nínú àwọn tí ó tóbi jù ní ilẹ̀ Áfíríkà, nítorí wọ́n mọ̀ pé láìsí i iṣẹ́ wọn kò lè dúró.

OKÙN ABẸ́ ÒKUN

Àwọn mìíràn yóò tún wí pé, "Gbogbo ìwé ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ni a tún ń wá?" Ọ̀rọ̀ yìí kan àdúgbò wa gan-an. Íntánẹ́ẹ̀tì kì í já bọ́ láti ojú ọ̀run. Okùn ni ó ń gbé púpọ̀ jù lọ nínú rẹ̀ wá, okùn gígùn tí a tẹ́ sí ìsàlẹ̀ òkun, etíkun Èkó sì ni okùn wọ̀nyí ti ń gòkè. Ní ọdún 2009, ọ̀kan tí ń jẹ́ Glo-1 gúnlẹ̀ ní Alpha Beach, ní ọ̀nà Lẹ́kkí wa níhìn-ín. MainOne tẹ̀ lé e ní ọdún 2010. Ní ọdún 2022, òmíràn tún gúnlẹ̀ ní Èkó tí a sọ ní Equiano, ní ìrántí Olaudah Equiano, ọmọ Áfíríkà tí a tà lẹ́rú, tí ó ra ara rẹ̀ padà, tí ó sì kọ ìtàn ara rẹ̀ jáde ní London ní ọdún 1789. Ẹ wo bí ó ti rí: okùn tí a fi orúkọ òǹkọ̀wé sọ gúnlẹ̀ sí etíkun wa, síbẹ̀ máígádì tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé kan ní Lẹ́kkí kò rí owó dátà tí yóò fi ka orí ìwé kan.

Okùn náà sì lè já. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, okùn mẹ́rin bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà nísàlẹ̀ òkun lẹ́bàá Abidjan ní Côte d'Ivoire, MainOne sì wà nínú wọn. Ilé ìfowópamọ́ àti ilé iṣẹ́ ní Èkó mọ̀ ọ́n lára. Bí olówó bá lè ké nítorí okùn já, kí ni ti ọmọ tí ó fẹ́ fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún olùkọ́ ní ọ̀gànjọ́ òru ọjọ́ náà? Ẹ má sì gbàgbé iná mànàmáná wa. Nítorí náà ilé ìkàwé tí ó bá gbọ́n yóò máa pèsè ìwé tí a lè gbà sílẹ̀ sínú tẹlifóònù, kí a kà á nígbà tí kò bá sí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìwé olójú ewé 300 tí ó jẹ́ kìkì ọ̀rọ̀ kì í sábà ju mẹ́gábáìtì márùn-ún lọ, ṣùgbọ́n fídíò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wákàtí kan lè gbà tó ọgọ́rùn-ún mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Káàdì ìrántí kékeré tí ó gba gígábáìtì 64, tí kò tóbi ju èékánná lọ, lè gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ tí ó lé ní 10,000. Èyí ju ìwé tí ó wà ní gbogbo ilé ẹ̀kọ́ girama ìlú wa lọ.

Ìwé ọ̀fẹ́ tí ó jẹ́ ojúlówó sì wà fún ẹni tí ó bá mọ ọ̀nà. African Journals Online, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1998, kó ìwé ìwádìí àwọn ọ̀mọ̀wé Áfíríkà jọ. Directory of Open Access Journals, láti ọdún 2003, ń tọ́ka sí àwọn ìwé ìwádìí tí a kì í gba owó lórí wọn káàkiri ayé. Research4Life ń ṣí àwọn ìwé olówó iyebíye fún ilé ẹ̀kọ́ ní orílẹ̀-èdè tí owó kò pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ ni ó gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀, kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́. Ta ni yóò sọ èyí fún alásè inú ilé, bí kò ṣe olùtọ́jú ilé ìkàwé?

ẸRỌ TÍ Ń DÁHÙN OHUN GBOGBO

Ewu tuntun kan tún dé. Ẹ̀rọ wà nísinsìnyí tí ọmọ ènìyàn lè bi ní ìbéèrè, tí yóò sì dáhùn ní kíá, pẹ̀lú orúkọ ìwé àti orúkọ òǹkọ̀wé. Àwa kò bú ẹ̀rọ náà. Ó wúlò fún ṣíṣe àlàyé ohun tí ó ta kókó. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn a máa dárúkọ ìwé tí ẹnikẹ́ni kò kọ rí. Ní ọdún 2023, àwọn agbẹjọ́rò kan ní New York lo irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì gbé ẹjọ́ tí kò ṣẹlẹ̀ rí lọ síwájú adájọ́ bí ẹni pé òtítọ́ ni; adájọ́ bu owó ìtanràn 5,000 dọ́là lé wọn. Bí èyí bá lè ṣẹlẹ̀ sí agbẹjọ́rò, kí ni yóò gba ọmọ wa là? Ọ̀nà kan ṣoṣo ni: kí ó lè lọ sí ilé ìkàwé, kí ó wá ìwé tí ẹ̀rọ dárúkọ, kí ó fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ẹni tí ilẹ̀kùn ilé ìkàwé bá tì mọ́ síta kò ní ohun tí yóò fi yẹ ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ wò. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá tà sì ń dọdẹ.

OHUN TÍ Ó KÀN WÁ LÁTI ṢE

Ọ̀rọ̀ tí kò bá ní ìṣe nínú, ariwo lásán ni. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Nítorí náà a mú àbá mẹ́rin wá síwájú ìpàdé yìí.

Lọ́nà kìíní, kí ẹgbẹ́ má ṣe san owó ẹ̀kọ́ ọmọ kankan fún ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì láì kọ́kọ́ béèrè ìbéèrè mẹ́ta lọ́wọ́ ilé ẹ̀kọ́ náà: Ọjọ́ wo ni ọ̀rọ̀ ìwọlé ilé ìkàwé yóò dé ọwọ́ ọmọ yìí? Ta ni olùtọ́jú ilé ìkàwé tí yóò máa dá a lóhùn? Bí ó bá nílò ìwé tí kò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, báwo ni yóò ṣe rí i? Kí akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ ìwé náà pẹ̀lú òǹtẹ̀ ẹgbẹ́. Ilé ẹ̀kọ́ lè má dá alásè kan lóhùn, ṣùgbọ́n kò rọrùn láti má dá odidi ìlú lóhùn.

Lọ́nà kejì, gbọ̀ngán ìlú wa nílé ní yàrá kan lẹ́yìn tí àga tí ó ti fọ́ nìkan wà nínú rẹ̀. Kí a tún un ṣe. Kí a fi iná oòrùn sí i, kí a gbé kọ̀ǹpútà díẹ̀ síbẹ̀, kí a sì kó àwọn ìwé ọ̀fẹ́ tí a dárúkọ wọ̀nyí sínú ẹ̀rọ tí ó lè ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Kí a fi olùkọ́ kan tí ó ti fẹ̀yìn tì ṣe alábòójútó. Ọmọ tí ó ń kàwé láti òkèèrè, tí ó bá wá sílé ní ọdún iléyá tàbí Kérésìmesì, yóò rí ibi jókòó sí; àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama yóò sì jẹ nínú rẹ̀.

Lọ́nà kẹta, ẹ̀yin tí ẹ ní ilé ní Lẹ́kkí yìí, ẹ̀yin ni a bá wí, a sì fi ọ̀wọ̀ wí i. Ọmọ ìlú ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ nínú ilé ẹni kì í ṣe ẹrú. Íntánẹ́ẹ̀tì ti wà nínú ilé yín, ẹ ti san owó rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí ó ń se oúnjẹ yín, kí ẹni tí ó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà yín, lò ó láti kàwé. Ẹ fún un ní wákàtí méjì lọ́sẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ní pè é, kí ẹ sì yọ̀ǹda rẹ̀ ní ọjọ́ ìdánwò. Kò ní dín ohunkóhun kù nínú ọlá yín. Ọ̀nà tí Awólọ́wọ̀ gbà ni òun náà ń tọ̀, ẹni tí ó sì mọ ibi tí yóò gúnlẹ̀ sí kò sí láàrin wa.

Lọ́nà kẹrin, ẹ̀yin ọmọ wa ní London, ní Houston, ní Toronto àti níbi gbogbo, owó tí ẹ ń fi ránṣẹ́ dára, ṣùgbọ́n ìmọ̀ yín pẹ̀lú ni a ń fẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti lo ilé ìkàwé gidi, ẹ ya alẹ́ Sátidé kan sọ́tọ̀ lóṣooṣù, kí ẹ fi fídíò kọ́ àwọn àbúrò yín bí a ti ń wá ìwé ìwádìí, bí a ti ń mọ èyí tí ó jẹ́ ayédèrú, àti bí a ti ń kọ orúkọ ibi tí a ti mú ọ̀rọ̀. Bí olùtọ́jú ilé ìkàwé bá wà láàrin yín, kí ó jẹ́ kí akọ̀wé ẹgbẹ́ mọ̀.

Ní ti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ fúnra yín, ẹ̀tọ́ tí a kò bá béèrè kì í tọ ni wá. Ní ọjọ́ tí ẹ bá san owó ilé ẹ̀kọ́, ní ọjọ́ náà ni kí ẹ béèrè kọ́kọ́rọ́ ilé ìkàwé. Bí wọ́n bá fún yín, ẹ lò ó. Kò sí ẹ̀sùn tí ó burú fún ilé ìkàwé bí ilẹ̀kùn tí a ṣí sílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbà wọlé. Owó rẹ̀ ni ìjọba yóò kọ́kọ́ gé.

Ẹ̀yin ará, ní ayé àtijọ́ ọmọ ni ó ń fi ẹsẹ̀ rìn tọ ìwé lọ, láti abúlé dé ìlú, láti ìlú dé òkè òkun. Àwọn tí ó ní agbára ni ó dé ibẹ̀. Nísinsìnyí ẹ̀kọ́ ti ń tọ ọmọ wá sínú yàrá ẹ̀yìnkùlé àti sẹ́nu ọ̀nà tí ó ń ṣọ́. Kí ilé ìkàwé náà má ṣe jókòó sí ààfin rẹ̀ bí ọba. Kí ó dìde, kí ó bá ẹ̀kọ́ rìn.

A fi àbá wa sílẹ̀ fún ìpàdé láti gbé yẹ̀ wò. Kí Ọlọ́run bùkún ìlú wa, kí ó ṣí ojú àwọn ọmọ wa, kí ó sì jẹ́ kí a tún pàdé láyọ̀ ní ọdún tí ń bọ̀.